Ohun Tó Wà Nínú Ìwé Télọ̀: Ìyá Aláṣọ Kan ní Gbági, Ìwọ̀n Ara Rẹ̀ àti Jẹjẹrẹ Ọmú

Ìyá aláṣọ kan ní ọjà Gbági tuntun, ní Ìbàdàn, ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Ẹni ọdún 56 ni nígbà tí àyẹ̀wò fi hàn pé kókó inú ọmú rẹ̀ òsì, jẹjẹrẹ ni. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́ jáde, kí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ lè kà á. Èmi àtòun la jọ jókòó yọ gbogbo ohun tó lè mú kí ẹnikẹ́ni dá a mọ̀ kúrò. Nọ́ọ̀sì ìlera àdúgbò ni mí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bẹ àwọn tó ń gba ìtọ́jú wò nílé, kí n wo bí wọ́n ṣe ń lo oògùn, kí n sì bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀.

Inú balùwẹ̀ ló ti fọwọ́ kan kókó náà, lápá òkè ọmú, nítòsí abíyá. Ó le, kò sì dùn ún rárá. Nítorí pé kò dùn ún, ó fi sílẹ̀. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó fi han ẹnì kan ní kẹ́míìsì, onítọ̀hún ní oówo ni, ó di kápúsù sínú nílọ́ọ̀nù fún un. Oṣù mẹ́rin kọjá lọ báyẹn. Inú máa ń bí mi gidigidi sí irú èyí, nítorí pé jẹjẹrẹ ọmú kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀, oògùn oówo kò sì rí nǹkan kan ṣe sí i. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló fà á lọ́wọ́ dé ilé ìwòsàn. Wọ́n ṣe mámógíràmù, ìyẹn fọ́tò inú ọmú, àti skáànù, wọ́n fi abẹ́rẹ́ gé díẹ̀ nínú ẹran kókó náà lọ fún àyẹ̀wò. Kókó náà ti tó sẹ̀ǹtímítà 4, ó sì ti kan abíyá, ṣùgbọ́n kò tíì lọ sí ibòmíràn lára. Ìpele kejì ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún un. Ìpele kẹta tàbí ìkẹrin ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn obìnrin Nàìjíríà máa ń dé kí wọ́n tó rí dókítà. Bí àbúrò yẹn kò bá fà á lọ́wọ́, ibẹ̀ náà ni ì bá dé.

Àbúrò yìí kan náà ló bi mí ní ìbéèrè tó jẹ́ kí n máa kọ èyí. Ẹni ọdún 53 ni. Ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ kan, ó fa ilẹ̀kùn dé, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Nọ́ọ̀sì, ẹ má purọ́ fún mi o. Wọ́n sọ lórí rédíò pé sísanra ń fa jẹjẹrẹ ọmú. Èmi ni ọ̀róbó ilé wa láti kékeré. Ẹ̀gbọ́n mi ni lẹ́pa. Tó bá jẹ́ pé sísanra ni, ṣé kì í ṣe èmi ló yẹ kó mú ni?"

Ẹ̀rù ń bà á fún ara rẹ̀, àánú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì tún ń ṣe é. Mi ò fẹ́ fi "Ọlọ́run ló mọ̀" dá a lóhùn.

Lójú síkéèlì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ga ní mítà 1.72, kílò 92 sì ni lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e sórí síkéèlì kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀. Àbúrò ga ní mítà 1.58, kílò 84 ni tirẹ̀. Ìṣirò tí àwọn dókítà ń pè ní BMI, ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á fi gíga ẹni ní mítà pín iye kílò rẹ̀, wọ́n á tún wá fi gíga yẹn kan náà pín èsì tó bá jáde. Láti 18.5 dé 24.9 ni wọ́n kà sí déédéé. Láti 25 ló ti ń pọ̀ jù. 30 sókè ti di àsanjù. Ti ẹ̀gbọ́n jẹ́ 31. Ti àbúrò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 34. Bó bá jẹ́ ti òní nìkan là ń wò, ìbéèrè rẹ̀ kò ní ìdáhùn.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí bí ara àwọn méjèèjì ṣe rí látẹ̀yìn wá. Nílẹ̀ wa, bí obìnrin kò bá lóyún, ta ló ń gun síkéèlì? Káàdì aboyún ẹ̀gbọ́n ṣì wà nínú àpótí rẹ̀. Lórí ti àkọ́bí, nígbà tí oyún jẹ́ oṣù mẹ́ta, kílò 58 ni wọ́n kọ. Lórí ti ọmọ kẹrin, ní ọdún 9 lẹ́yìn náà, kílò 71 ló fi bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà yẹn, kò sí àkọsílẹ̀ kankan fún ohun tó lé ní ogún ọdún, àfi ti ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú jẹjẹrẹ.

Télọ̀ wọn ló yọ wá. Obìnrin kan náà ló ń rán aṣọ fún tẹ̀gbọ́n-tàbúrò láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n ti fẹ́ ṣègbéyàwó, kì í sì í da ìwé tó ń kọ ìwọ̀n oníbàárà sí nù. Ó kó wọn jáde fún mi lábẹ́ tábìlì ìgéṣọ, ìwé ẹlẹ́yìn líle tí eruku ti bò. Orúkọ wà lókè ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ínṣì àyà, ìbàdí àti ìdí wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó sì kọ ọdún àti ayẹyẹ tí wọ́n fẹ́ fi aṣọ náà lọ. A jókòó, a ń ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Aṣọ ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 25: ìbàdí 27, ìdí 37. Aṣọ ìkómọ ọmọ kẹrin: 33 àti 41. Aṣọ ọjọ́ ìbí àádọ́ta ọdún: 37 àti 44. Aṣọ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ àkọ́bí, ọdún kan kí ó tó rí kókó náà: 41 àti 46. Télọ̀ ti fi bírò pupa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ pé "ikùn ti yọ, fi àyè sílẹ̀ níwájú".

Ti àbúrò yàtọ̀. Nígbà ọmọge rẹ̀, ìbàdí 32, ìdí 43. Lónìí, 38 àti 48. Láàárín ọgbọ̀n ọdún, ìbàdí rẹ̀ fi ínṣì 6 pọ̀ sí i. Ti ẹ̀gbọ́n fi 14 pọ̀.

Bí a bá fi ìdí pín ìbàdí, ti ẹ̀gbọ́n jẹ́ 0.89, ti àbúrò jẹ́ 0.79. Fún obìnrin, 0.85 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ṣe ààlà. Ibi tí ìdáhùn mi ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Àbúrò sanra láti kékeré, ìdí àti itan ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n jẹ́ òpẹ́lẹ́ńgẹ́ lọ́mọge, ìgbà tó dàgbà ló tó sanra, inú ikùn ni ọ̀rá sì gbà lọ. Ìgbà tí ara dé àti ibi tó dé sí, ìyẹn ló yẹ ká máa bèèrè lọ́wọ́ àwọn obìnrin wa. Iye kílò òní nìkan kò tó.

Kí ló wá kan ọ̀rá pẹ̀lú ọmú? Họ́mónù kan wà tó ń jẹ́ estrogen. Òun ló ń mú ọmú yọ láyà ọmọdébìnrin, òun náà ló sì ń mú kí sẹ́ẹ̀lì inú ọmú máa pọ̀ sí i. Níwọ̀n ìgbà tí obìnrin bá ṣì ń rí nǹkan oṣù rẹ̀, ilé ẹyin ló ń pèsè èyí tó pọ̀ jù. Nígbà tí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró, ilé ẹyin á fiṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n estrogen kì í tán lára. Inú ọ̀rá ni ara ti ń ṣe é nígbà náà, nítorí pé nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní aromatase wà nínú ọ̀rá tó máa ń sọ àwọn họ́mónù mìíràn di estrogen. Bí ọ̀rá bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni estrogen obìnrin tó ti dáwọ́ nǹkan oṣù dúró ṣe máa ń pọ̀ tó. Ọ̀rá ikùn tún máa ń mú kí insulin, họ́mónù tó ń darí ṣúgà, ga nínú ẹ̀jẹ̀, insulin náà sì ń ran sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ láti dàgbà. Ọ̀rá kì í ṣe ẹrù lásán téèyàn rù. Iṣẹ́ ló ń ṣe lára, tọ̀sán-tòru.

Ọdún 51 ni nǹkan oṣù ẹ̀gbọ́n dáwọ́ dúró. Ẹ tún padà wo ìwé télọ̀: láàárín àádọ́ta ọdún rẹ̀ àti ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, ìbàdí kúrò ní 37, ó di 41. Àkókò tí ọ̀rá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ilé ẹyin gan-an ni ọ̀rá rẹ̀ pọ̀ jù.

Ìbàdàn wa yìí wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe ìwádìí tó dára jù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Láti ọdún 1998 ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kan, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé wà lára wọn, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọmú ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ìbàdàn, wé àwọn obìnrin tí kò ní in láàárín ìlú. Ní 2010, Dókítà Tèmídayọ̀ Ògúndìran àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èyí tó jẹ mọ́ ìwọ̀n ara jáde, lórí àwọn aláìsàn tó lé ní 1,200. Obìnrin tó bá ga ní ewu ju ẹni kúkúrú lọ. Ẹni tí ìbàdí rẹ̀ bá tóbi sí ìdí rẹ̀ ní ewu jù. Ṣùgbọ́n BMI nìkan, àwọn tó sanra kò ní ewu ju àwọn tí kò sanra lọ. Kódà tiwọn kéré. Ó yẹ ká fi ọgbọ́n ka èyí tó gbẹ̀yìn yìí, nítorí àìsàn lè ti jẹ ara aláìsàn kí wọ́n tó gbé e sórí síkéèlì. Ti ìbàdí ni mo dì mú jù níbẹ̀. Ìyá aláṣọ ga, ìbàdí rẹ̀ sì tóbi. Méjèèjì ló bá ohun tí wọ́n rí mu.

Lọ́dọ̀ àwọn obìnrin adúláwọ̀ ní Amẹ́ríkà, ìwádìí ńlá kan bẹ̀rẹ̀ ní 1995 ní Boston, àwọn obìnrin tó tó 59,000 ló sì wọ̀ ọ́. Wọ́n bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe wúwo tó ní ọmọ ọdún 18. Àwọn tó sanra nígbà yẹn kò ní jẹjẹrẹ ọmú tó àwọn tó tín-ín-rín, ìbáà jẹ́ kí nǹkan oṣù tó dáwọ́ dúró tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ní 2015, wọ́n da ìwádìí yìí pọ̀ mọ́ mẹ́ta mìíràn, ohun tí wọ́n rí sì túbọ̀ yanjú: obìnrin adúláwọ̀ tó sanra lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró ní ewu púpọ̀ sí i fún irú jẹjẹrẹ tí estrogen ń bọ́. Fún irú kejì tó burú, èyí tí estrogen kò bọ́, tí HER2, purotéènì kan tó ń mú kí jẹjẹrẹ tètè dàgbà, náà kò sì pọ̀ lára rẹ̀, sísanra kò dá kún un.

Irú tí estrogen ń bọ́ ni ti ìyá aláṣọ. Àyẹ̀wò ló sọ bẹ́ẹ̀.

Mo ka gbogbo èyí fún àbúrò rẹ̀ ní èdè tó yé e, mo sì sọ fún un pé kò sí dókítà tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ọ̀rá ló fà á lára ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọjọ́ orí wà níbẹ̀, gíga wà níbẹ̀. Ọmọ mẹ́rin ló bí, ó sì fún gbogbo wọn lọ́mú ju ọdún kan lọ, bẹ́ẹ̀ ìwádìí tó kó iṣẹ́ 47 pọ̀ ní 2002 fi hàn pé oṣù 12 kọ̀ọ̀kan tí obìnrin bá fi fọ́mọ lọ́mú ń dín ewu yìí kù ní nǹkan bí ìdá 4.3 nínú ọgọ́rùn-ún, pẹ̀lú ìdá 7 fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bí. Ohun tó ń dáàbò bo obìnrin kì í ṣe odi. Ó kan ń jẹ́ kí ewu kéré ni.

Kí ẹnikẹ́ni má sì mú nínú ohun tí mo kọ pé kó máa fi búrẹ́dì àti mílíìkì bọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ kó lè sanra kó tó pé ọdún 18. Ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru ń dúró dè é níwájú. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí lẹ́pa má fọkàn balẹ̀. Irú jẹjẹrẹ tí estrogen kò bọ́ pọ̀ láàárín àwọn obìnrin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ju ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ, ó sì ń mú àwọn ọ̀dọ́ tí ìbàdí wọn kò tó 28. Mo ti rí wọn. Kò sí ara tó kéré débi pé kí obìnrin má máa yẹ ọmú rẹ̀ wò.

Kímò, ìyẹn oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, ni wọ́n kọ́kọ́ fún ìyá aláṣọ, lẹ́yìn náà wọ́n gé ọmú náà, ó sì gba iná, ìyẹn ìtànṣán tí wọ́n fi ń pa èyí tó bá ṣẹ́kù. Owó ìtọ́jú yìí gbé púpọ̀ nínú ọjà ìsọ̀ rẹ̀ lọ; léèsì tó dára jù ló kọ́kọ́ tà lọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ni ìjà tó wà nílé. Lójú wa, ẹni tó ń ṣàìsàn tó ń rù ló ń kú lọ, ẹni tó ń sanra ló ń yè. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé móótì wá ní páálí. Àwọn oògùn tí wọ́n fi ń dènà èébì nígbà kímò, irú dexamethasone, sì máa ń mú kí ebi pani. Kílò 98 ló wà nígbà tí kímò parí, gbogbo ilé ń dúpẹ́ pé oògùn ń bá a lára mu. Àbúrò ọkọ rẹ̀ wá kí i, ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ mà ti gbádùn o, ẹ wo ara!"

Mi ò bá wọn jà ní àkókò kímò. Ìgbà yẹn kọ́ ni aláìsàn ń febi pa ara rẹ̀. Ẹyin, ẹja, ẹ̀wà ni mo ní kí wọ́n fi rọ́pò móótì, kí ẹran ara má baà jò. Ìgbà tó gba iná tán ni mo tó jókòó ti òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń se oúnjẹ. Àmàlà kọ́ ni ọ̀tá. Gbẹ̀gìrì, ẹ̀wà ni. Ewédú, ewé ni. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé aago mẹ́sàn-án alẹ́, lẹ́yìn tó ti Gbági dé, ló ń jẹ òkìtì àmàlà mẹ́ta, tó sì ń lọ sùn. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, orí àga kan náà ló ń jókòó sí láàárín aṣọ, ọmọ iṣẹ́ ló ń gbé ọjà sọ̀ kalẹ̀, ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò méjì ló sì fi ń lé oòrùn. Mo bá a rìn yí ìsọ̀ ká lọ́jọ́ kan kí n lè mọ iye ìgbésẹ̀ tó ń gbé lóòjọ́. Kò tó nǹkan.

A gbé oúnjẹ alẹ́ lọ sí ìsọ̀, aago márùn-ún, òkìtì kan pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tó pọ̀. Omi gba ipò ẹlẹ́rìndòdò. Ó ń rin nínú ọjà ní òwúrọ̀ kí oníbàárà tó dé, nítorí àbá Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 ṣe eré ìdárayá lọ́sẹ̀. Nígbà tí mo ń kọ èyí, ó ti padà sí kílò 89. Mo sọ fún un tààrà pé ìwádìí lára àwọn nọ́ọ̀sì Amẹ́ríkà, tí aláwọ̀ funfun pọ̀ jù nínú wọn, ni mo gbára lé: ní 2006, wọ́n rí i pé àwọn tí kò lo oògùn họ́mónù, tí wọ́n sọ kílò 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nù lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró, tí wọn kò sì jẹ́ kó padà, ewu wọn dín kù ju ìdajì lọ. Ti àwọn tí kò tíì ní jẹjẹrẹ nìyẹn. Fún òun, letrozole ni ohun ìjà ńlá: oògùn oníhóró kan lóòjọ́, fún ọdún 5 ó kéré tán. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó dá aromatase inú ọ̀rá dúró. Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí, ó ní, "Ṣé ọ̀rá tí mo fi ń ṣe fáàrí yìí ni oògùn wá ń bá jà?" Láti ọjọ́ yẹn, kò gbàgbé oògùn rẹ̀ mọ́. Oríkèé ń ro ó láàárọ̀, oògùn náà ló fà á, ó sì lè mú kí eegun fúyẹ́, nítorí náà wọ́n ń wo eegun rẹ̀, wọ́n sì ń ṣe mámógíràmù ọmú ọ̀tún lọ́dọọdún.

Àbúrò rẹ̀ náà ti ṣe mámógíràmù tirẹ̀. Kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, 152 lórí 96, ṣúgà rẹ̀ sì ti ń gòkè. Ó ti bẹ̀rẹ̀ oògùn. Ọ̀rá tí a kò tíì rí ọwọ́ rẹ̀ nínú ọmú rẹ̀ ń ba ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀gbọ́n tó bá a tan tí jẹjẹrẹ mú sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ewu tirẹ̀ di ìlọ́po méjì, ohun tó wúwo ju ọ̀rọ̀ ọ̀róbó àti lẹ́pa lọ. Yóò máa padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọmọ àkọ́bí ìyá aláṣọ ni mo wá ń tẹ̀ lé báyìí. Ẹni ọgbọ̀n ọdún ni, ó jẹ́ lẹ́pa bí ìyá rẹ̀ ṣe jẹ́, ó ti bí ọmọ kan, ó sì ti fi kílò 9 lé sí ti ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. A ti kọ ìbàdí àti ìdí rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́. Ó ń fọ́mọ lọ́mú, ó ti ra síkéèlì sílé, dókítà sì ti bá a ṣètò ọdún tí yóò bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ọmú, ṣáájú ọjọ́ orí tí àwọn obìnrin tí kò ní irú ìtàn ìdílé yìí ń bẹ̀rẹ̀.